Ohun Tí Wọ́n Fi Dáhùn Orúkọ Bísí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ fi etí sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀dọ́ kankan jáde. Ìran tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ẹni tó yó sùn. Ààwẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́rú. Mo gbàdúrà ọ̀sán tán, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí ẹní, ni oorun bá gbé mi lọ.

Ẹ mọ ohun tí mò ń gbàdúrà lé lórí. Wálé ọmọ mi tó ń kọ orin ráàpù ni. Bísí tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa sọ fún un pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́, ló bá gbé orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sínú orin. Bó bá dé orí ìtàgé, á ké "Bísí!", á na máìkì sí àwọn èrò, gbogbo wọn á sì fi ohùn kan ké orúkọ tí wọ́n ń pe obìnrin tó ń ta ara rẹ̀. N kò ní sọ ọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Àwọn ọmọ àdúgbò ti mọ̀ ọ́n sórí. Bísí kò lè lọ pọnmi mọ́ kí wọ́n má ké e tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lọ́la, Wálé tún fẹ́ kọ ọ́ ní pápá ilé ìwé.

Bí mo ti sùn, bàbá arúgbó kan tó wọ aṣọ funfun dúró tì mí. Ó ní, "Dìde, ìyá Wálé." Kò dúró dè mí, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ibẹ̀. Ó dà bí ẹran tó rà sínú ìkòkò tí a dé pa. Mo fi ìborí bo imú, òórùn náà gba inú ìborí wọlé. Pápá gbalasa kan ni, ìtàgé wà níwájú, èrò kún fọ́fọ́, gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè, wọn kò lè sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Fóònù tí wọ́n tan iná rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó ń jó ẹran ara wọn, ọ̀rá sì ń kán sójú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo ní, "Bàbá, kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n dáhùn."

"Ṣé apààyàn ni wọ́n ni?"

"Rárá. Ẹnìkan ní kí wọ́n dáhùn, wọ́n sì dáhùn."

Ni ohùn kan bá bú jáde láti inú sípíkà, ó pe orúkọ obìnrin kan, gbogbo èrò lanu, yéè, ẹ̀yin ará, ìdin ló jáde, ìdin àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó yi, ó ń ṣàn ní àgbọ̀n wọn, wọ́n ń gbé e mì padà, ohùn náà tún pè, wọ́n tún lanu, ẹni tó fẹ́ panu dé, ẹnu rẹ̀ ń ya! Ẹ mọ bí olórin ṣe máa ń da omi inú ìgò sórí èrò kí ara lè tù wọ́n? Èébì ara wọn ni wọ́n ń dà lé wọn lórí níbẹ̀. Ó rí mi lára. Ibi tí wọ́n kó àwọn òpùrọ́ àti alágbèrè sí wà nítòsí, kí n má purọ́, ibẹ̀ mọ́ ju ibí lọ.

Mo wo orí ìtàgé. Kò sí ènìyàn níbẹ̀, máìkì nìkan ló dúró.

Mo ní, "Bàbá, ta ló ni máìkì yẹn?"

"Ó ń jẹun nílé rẹ lọ́wọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Bàbá, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn!"

"Bísí náà ní ìyá."

Ó fà mí dìde. Nígbà tí mo máa lajú, atẹ́gùn tútù ló ń fẹ́ sí wa, àwọn ènìyàn jókòó sábẹ́ igi, ara wọn mọ́, ara wọn balẹ̀. Ìyá àgbà kan dìde láàárín wọn, ó ké "Bísí!" Mo ti fẹ́ fọwọ́ di etí. Gbogbo wọn fi ohùn kan dáhùn pé, "Ọmọ wa ni!" Ó pe ẹlòmíràn, wọ́n tún dáhùn bákan náà. Ó wù mí kí n jókòó tì wọ́n, ṣùgbọ́n bàbá náà ní, "Padà lọ sọ fún wọn."

Mo ta jí. Wálé ń fi orin rẹ̀ dánra wò ní pálọ̀. Bó ṣe ké "Bísí!" báyìí, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹnu mi ti là. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé! Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo sáré lọ bì lẹ́yìnkùlé.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Wálé. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Màámi, eré lásán ni jàre. Tí mi ò bá tiẹ̀ pè é, àwọn èrò á pè é fúnra wọn."

Òótọ́ ló sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín. Àwọn ọmọ wa ni èrò yẹn. Mo rí àwọn kan lára wọn tí wọ́n ń wo ilẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá dáhùn lọ́la, mo ti kìlọ̀ fún un: àyè ṣì wà ní pápá tí mo rí yẹn.

Mo mú Bísí dání wá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ló wà. Ó ní òun kò ní wọlé àfi tí òun bá gbọ́ ohun tí ẹ máa sọ. Mo fẹ́ pè é o. Ẹ tu itọ́ ẹnu yín dànù kí ẹ tó dáhùn.

Bísí o!