Ìka Mi Ni, Kì Í Ṣe Ìka Nemesia

Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó bú mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, dókítà sọ fún mi pé jẹjẹrẹ tí mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti wọ inú egungun mi. Kò sí oògùn tí wọ́n tún fẹ́ fún mi ju èyí tó ń mú ìrora rọ̀ lọ. Ẹ̀yin obìnrin mẹ́rin tí a jọ wà nínú ilé àlejò ìjọ yìí, ìyá rere lẹ̀ ń pè mí. Ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe pọn Nemesia Llanque sẹ́yìn wọ ilé ìwòsàn. Òótọ́ ni. Ohun tí ẹ kò tíì gbọ́ ni pé èmi náà ni mo kọ́kọ́ tì í sínú kòtò tí mo wá fà á jáde nínú rẹ̀.

Aṣọ ijó ni èmi Casilda Colque ń rán ní Potosí, ìlú wa lórí òkè gíga. Ọdún karùn-ún rèé tí wọ́n gé ọmú mi òsì, tí wọ́n ní kí n máa sọ̀kalẹ̀ wá sí Sucre níbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, kí wọ́n máa fa oògùn jẹjẹrẹ sí mi níṣan. Florinda, aláìsàn bíi tèmi, ni mo kọ́kọ́ bá nínú yàrá ilé àlejò yìí. Wọ́n dá oògùn tirẹ̀ dúró nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lọ sílẹ̀, ó lọ sílé, kò sì pẹ́ tí a gbọ́ pé ó ti kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò. Mi ò fi ṣe àwáwí o. Mo kàn ń sọ ohun tó wà nínú mi ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Nemesia wá. Ápì gbígbóná ló ń tà fún àwọn awakùsà nílé, ohun mímu tí wọ́n fi àgbàdo elésè àlùkò sè. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí orí mi tí irun ti re tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, orí yín dán ju ti bíṣọ́ọ̀bù lọ! Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí, kí n fi ṣe dígí, mo fẹ́ kun àtíkè.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ kàn mí.

Ní ọ̀sẹ̀ keje oògùn tèmi ni ikọ́ mú un. Ikọ́ gbígbẹ ni, kì í tu nǹkan kan. Ní Potosí tí atẹ́gùn kò ti pọ̀, ta ni kì í mí hẹlẹhẹlẹ tó bá ń gun òkè lọ sílé? Ṣùgbọ́n Sucre nìyí, níbi tó yẹ kí èémí ti rọrùn fún wa, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń dúró kó tó gun àtẹ̀gùn ilé yìí tán.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó jọ pé wọ́n ti jí atẹ́gùn orí àtẹ̀gùn yìí kó. Màá sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́la.”

“Kí lo fẹ́ sọ? Wọ́n á dá oògùn rẹ dúró bí wọ́n ṣe dá ti Florinda dúró, kí jẹjẹrẹ wá máa jẹ ẹ́ nílé. Ikọ́ lásán ni. Lá oyin.”

“Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà.”

Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì òfìfo yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ikọ́ rẹ̀. Anìkànjọpọ́n ni mí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì nílé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Jimena bi í gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bi gbogbo wa: “Màmá Nemesia, ṣé kò sí ibà? Kò sí ikọ́? Ṣé ẹ̀ ń mí dáadáa?” Nemesia wo ojú mi. Mo mi orí lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, “Kò sí o. Ara mi le bíi ti ìbaaka.” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, oògùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. A tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ètè rẹ̀ ti dúdú bí ẹni tó mu ápì tirẹ̀ yó. Kò lè sọ gbólóhùn kan tán. Kí Jimena tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo mú nǹkan kékeré tí wọ́n fi ń há ìka láti mọ bí atẹ́gùn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, mo fi há ìka rẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mo fi há tèmi. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n… ó kéré… àbí?”

“Fi ọwọ́ rẹ pamọ́.”

Mo ta aṣọ olónà mi bo itan àwa méjèèjì bí ẹni tí òtútù ń mú. Jimena dé, aláìsàn mẹ́ta ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà. “Màmá Nemesia, ọwọ́ yín.” Ọwọ́ tèmi ló jáde lábẹ́ aṣọ náà. Nọ́ńbà ni Jimena wò. “Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ó dáa.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó so oògùn rọ̀. Nemesia di ọwọ́ mi kejì mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù, mo sì ń wo bí oògùn náà ṣe ń kán sínú rẹ̀ títí ó fi tán.

Ní ọjọ́ kejì a wọ bọ́ọ̀sì padà sí Potosí. Bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè ni èémí rẹ̀ ń já. Nígbà tí a fi máa dé ìlú Betanzos lójú ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti yí. Mo lọgun pé, “Awakọ̀, dúró! Èèyàn ń kú níbí!” Ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ ẹrù sọ̀kalẹ̀ ló gbé wa padà sí Sucre. Mo fi aṣọ olónà yẹn kan náà pọ̀n ọ́n wọ ilé ìwòsàn.

Dókítà kọjú sí mi, nítorí Nemesia kò lè sọ̀rọ̀. “Ìgbà wo ni ikọ́ yìí bẹ̀rẹ̀?”

Ẹ gbọ́, níbí ni ìwà mi ti burú jù. Nemesia la ojú, ó ń wò mí, ó ń dúró kí n sọ ọ́. Ojú rẹ̀ tún pa dé kí n tó dáhùn, kò sì gbọ́ ọ́ nígbà tí mo ní, “Ìjẹta.”

Nítorí irọ́ yẹn, àìsàn òjijì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò fún ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n tó mọ̀ pé oògùn jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ló wú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà náà ní, “Ká ní a tètè mọ̀ ni, à bá dá a dúró, à bá fún un ní oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, ká wá fi oògùn míì tọ́jú jẹjẹrẹ náà.” Oògùn míì! Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí.

Kò kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti le, kò lè gun òkè padà sílé mọ́ láé. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Santa Cruz ló wà, nínú ooru tí kò fẹ́ràn, òun àti àgbá atẹ́gùn tó fi ń mí. Ó sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Casilda nítorí mi.

Lánàá mo pè é, mo sì jẹ́wọ́. Ó ní, “Ti ìka yẹn, àwa méjèèjì la jọ wà lábẹ́ aṣọ. Mo lè fa ọwọ́ yín padà, mi ò fà á.” Ó tún mí. “Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà pé ìjẹta? Mo rò pé ẹ ti sọ òótọ́ fún un.”

“Mi ò sọ ọ́.”

“Ẹ má pè mí mọ́. Tó bá yá, èmi á pè yín.”

Mo bẹ̀ yín, tí mi ò bá sí mọ́ tí fóònù mi dún, tí ẹ rí orúkọ rẹ̀, ẹ gbé e. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá bú mi, ẹ má gbèjà mi.

Ìwọ Yovana, ìwọ lo kéré jù nínú wa. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń gbọ́ tí o ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu húkọ́. Má mi orí sí mi. Wọ bàtà rẹ. Nọ́ọ̀sì ṣì wà nílé ìwòsàn títí di aago mẹ́rin, èmi ni màá sì bá ọ lọ. Bí ẹnu rẹ kò bá gbà á, màá bá ọ sọ ọ́.