Mo Ní Àlàáfíà Ni Ẹkù Wà

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́bi títí n ó fi sọ̀rọ̀ mi tán. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ọkọ, n kò sọ ọ́ fún ìyá. Bí mo bá jókòó ti oúnjẹ, ó ń bá mi jókòó. Àbúrò mi obìnrin ló fà á jáde lẹ́nu mi lóṣù tó kọjá, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń fa nǹkan. Ẹni tó mọ̀wé ló ń bá mi kọ ọ́, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí n kò mọ̀.

Kí n tó lọ́kọ, ẹkù epo kan ní abúlé wa lọ́nà Ẹgbẹ́dá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹkù mọ̀ pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Bí a bá ti se ẹyìn jinná, a ó dà á sínú kòtò tí a fi amọ̀ rẹ́, a ó wọ inú rẹ̀, a ó máa tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi yọ. Kò sí ibi tó ń yọ̀ tó ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ri igi méjì mọ́lẹ̀, tí wọ́n gbé ọ̀pá gbọọrọ kan dábùú wọn, kí ẹni tó ń tẹ ẹyìn lè dì í mú.

Ìyá kan tó ń gbé Ìbàdàn ló ni ẹkù náà. Ìyá Ẹlẹ́po ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọn kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù. Ìyá Àlàó ni wọ́n fi ṣe olórí wa.

Ọ̀pá yẹn ti jẹrà. Ikán ti jẹ ìdí igi kan. Gbogbo wa la mọ̀. Ó já mọ́ èmi gan-an lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, mo jókòó gbàà sínú ẹyìn. Ọlọ́run ló yọ mí, ìgbọ̀nwọ́ mi nìkan ló bó. Ìyá Àlàó ní kí a fi okùn so ó padà. Wọ́n ní ogun Ìjàyè ti kó àwọn ọkùnrin lọ, ta ni yóò gé igi? Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń kọ ẹyìn fún wa ń wá lójoojúmọ́, tàdá tàdá. Ìyá Àlàó kò kàn fẹ́ kí iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ kan ni. Bí Ìyá Ẹlẹ́po bá sì ń bọ̀, wọn á ní kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ibi tó jẹrà. Èmi náà bò ó.

Nígbà tí ìgbéyàwó mi kù sí dẹ̀dẹ̀, mo lọ dágbére fún Ìyá Ẹlẹ́po nílé wọn. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n súre fún mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn bọ́ síta. Wọ́n sún mọ́ mi.

"Ọmọ mi, o ti ń lọ báyìí, o ò ní olórí kankan láti bẹ̀rù mọ́. Kí ló wà ní ẹkù tí wọn kì í jẹ́ kí n rí?"

Ẹ̀yin ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n Ìyá Àlàó ni ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi. Àwọn ló bá mi wá ọkọ náà. Mo rò ó pé agbo ilé wọn ni mò ń wọ̀ lọ yìí. Mo tún rò ó pé, kí ló kàn mí, ṣebí mo ti ń lọ.

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Ìyá. Àlàáfíà ni."

Wọ́n wò mí lójú. Wọ́n ní, "Ó dáa náà."

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ọ̀pá já mọ́ Àṣàbí lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni Àṣàbí. Àwa méjèèjì la jọ máa ń wọ kòtò. Etí kòtò ló fi itan gbá, egungun sì kán. Ìyá Àlàó sọ fún Ìyá Ẹlẹ́po pé ijó ni Àṣàbí ń jó nínú ẹkù, pé òun ló fi eré fa ọ̀pá já. Ìyá Ẹlẹ́po gbà á gbọ́. Ṣé èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ kò ti sọ pé àlàáfíà ni? Wọ́n ní kí Àṣàbí má padà wá mọ́. Àwọn tó ń to egungun bá a tò ó, ṣùgbọ́n ó ń tiro di òní olónìí.

Mo gbé ẹ̀kọ lọ kí i. Ó ń sunkún. Ó ní, "Ìwọ ṣáà mọ̀ pé n kò jó." Mo ní mo mọ̀. Mo gbé ẹ̀kọ náà kalẹ̀, mo sì bọ́ síta.

Lóṣù tó kọjá, Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi wá bá mi. Òun náà ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹkù yẹn, ó sì fẹ́ kúrò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Igi tuntun tí wọ́n rì lẹ́yìn tí Àṣàbí ṣubú náà ti ń jẹrà. Ṣé kí n sọ fún Ìyá Ẹlẹ́po ni, àbí kí n rọra máa lọ?"

Mo bú sẹ́kún. Ẹ̀rù bà á. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Mo kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n." Ó rìn lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì padà wá. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ṣì ń wọ kòtò yẹn lónìí. Máa lọ."

Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ jọ lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ẹlẹ́po, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé wọn yóò lé mi jáde. Wọ́n mí kanlẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo rí i lójú rẹ lọ́jọ́ náà pé o ń pa nǹkan mọ́. Epo tí mo fẹ́ tà ló gbà mí lọ́kàn, n kò tọpinpin. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tìrẹ nìkan."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n dé ẹkù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mi igi náà, ó yẹ̀. Igi ìrókò ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ Ìyá Àlàó, ṣùgbọ́n wọn kò lé wọn kúrò níbẹ̀. Ìyá Àlàó kì í dá mi lóhùn dáadáa, mo sì ń kí wọn láràárọ̀. Ìyá Ẹlẹ́po ránṣẹ́ pe Àṣàbí, wọ́n bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń jókòó bu epo, kò wọ kòtò mọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí i ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ibi tó kù. Àṣàbí ń sọ káàkiri pé èmi ni mo fọ orúkọ òun mọ́. Ó ń ṣàdúrà fún mi. Kò mọ̀ pé wọ́n ti bi mí léèrè kí ó tó ṣubú, tí mo sì purọ́. Ìyá Ẹlẹ́po ní àwọn kò ní sọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni.

N ó sọ fún un. Mo ti pinnu. Mo mọ Àṣàbí, kì í di ènìyàn sínú pẹ́, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé a ó tún jọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ tí mo padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ọ̀rẹ́ rí, tí ọ̀rẹ́ náà sì tún fà yín mọ́ra, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín, èyí tí n ó kọ́kọ́ sọ. Ìyókù yóò máa tọ̀ ọ́ bọ̀.