Òwú Tí Mo Fi Eyín Gé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọpẹ́ tí mo gbé wá kò pọ̀ lọ́rọ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ bó ṣe wúwo tó. Òwú ṣì wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi, Madame Akissi, ṣílẹ̀kùn, tó dúró lókèèrè, tó ní, "Tonton," bó ṣe máa ń pe àgbàlagbà bíi tèmi, "ẹ gbé ẹranko yẹn sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́." Mo gbé òwú náà mì kí ó má bàa rí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí sí télọ̀ ní Anoumabo. Nígbà tí owó sefá tí à ń ná níbí já sí ìdajì, àwọn èèyàn ò rán aṣọ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ni mo bá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin yìí ní Plateau. Olùwádìí ni. Ó ń kọ gbogbo ẹranko tó wà nínú igbó kan tí wọ́n ń gé lọ́wọ́ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá rí tó ti kú, Koffi, ọmọkùnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, á bó awọ rẹ̀, èmi á ki koton funfun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò sínú awọ náà, èmi á rán ikùn rẹ̀ pa, wọ́n á sì tò ó sínú àpótí. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí la fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Tonton, bí wọ́n bá gé igbó náà tán, ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ó ṣòro kí télọ̀ má fi eyín gé òwú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Madame ti ká mi mọ́ ọn. Nígbà kejì, ó fi okùn so sísọ́ọ̀sì kọ́ mi lọ́rùn, ó ní bí òun bá tún rí i, kí n padà sídìí ẹ̀rọ mi. Koffi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Wọ́n ti fún baba ní àmì ẹ̀yẹ."

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹtà ló wà níwájú mi. Ọdẹ tó gbé e wá ní pańpẹ́ òun ló mú un. Irọ́ ni. Awakọ̀ wa gbọ́ ní abúlé pé ẹtà náà rìn wọ agboolé ní ọ̀sán gangan, kò sá fún ẹnikẹ́ni, ó ń gé àwọn ajá jẹ, kí wọ́n tó fi igi pa á. Orí rẹ̀ ṣì wà nínú yìnyín. Ìròyìn yẹn ló mú Madame wá dá mi dúró; ó fi orí náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ní ọjọ́ kẹta èsì dé: àrùn dìgbòlugi. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ lára èèyàn, kò sí dókítà tó lè wò ó. Abẹ́rẹ́ la fi ń dènà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó sì wà nílẹ̀ kò ju ti ẹni méjì lọ.

Madame bi mí pé, "Tonton, ṣé ohunkóhun kan ẹnu yín?"

Ọyẹ́ ti la ètè mi. Mo ti fi eyín gé òwú yẹn bóyá lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo ní, "Rárá, Madame." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Òun àti Koffi ló lọ gba abẹ́rẹ́.

Mo ti gbọ́ pé ẹni tí àrùn náà bá mú kì í lè gbé omi mì. Láràárọ̀, kí àwọn ará ilé tó jí, mo máa ń bu omi, mo máa ń mu ún díẹ̀díẹ̀, mo máa ń fetí sí ọ̀fun ara mi. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Bísí, ẹ ya abọ́ yín sọ́tọ̀, ẹ ya ife yín sọ́tọ̀. Ṣé ẹ ti fẹ́ ìyàwó sínú igbó ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín irọ́ ni.

Mo ń gbàdúrà o. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí àrùn má bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mẹ́nu ba irọ́ tí mo pa. Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Màmá Pobè tó jókòó lọ́hùn-ún yẹn di apá aṣọ mi mú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ò ń gbàdúrà bí ẹni tó sá pamọ́. Ta lò ń sá fún?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo ní, "Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́, Màmá."

Wọ́n ní, "Òkú pàápàá ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Dìde ká lọ."

A wọ wòrò-wòrò, takisí àjùmọ̀wọ̀, dé Treichville, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Plateau. Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú bí ẹni pé mo fẹ́ bẹ́ sínú ọ̀sà. Ojú wọn là sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. "Olúwa, mò ń mú un bọ̀. Má jẹ́ ká pẹ́ jù." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́, Madame ní, "Ẹ gbé e mì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ sọ fún mi, Tonton? Ọjọ́ ìsìnkú yín?" Ó sì gbé tẹlifóònù.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Ajá ti bu Koffi jẹ nígbà kan rí, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi pé lọ́dún náà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi sọ lọ́jọ́ tó ṣáájú pé abẹ́rẹ́ méjì péré ti tó Koffi. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú tirẹ̀ wà nínú fìríìjì ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti kọ ìwé rẹ̀ pé kí ọkọ̀ aago mẹ́ta gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Aago méjì ti kọjá díẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Koffi sáré tẹ̀ lé wa. Ó ní, "Baba, abẹ́rẹ́ mi lẹ gbà yẹn. Ẹ má tún gba aya mi." Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì.

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó sunkún, ó bínú, ìbínú náà sì ju ẹkún lọ. Madame ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan awọ ẹranko mọ́. Orúkọ wọn ni mò ń kọ sórí ìwé pélébé báyìí.

Oṣù mẹ́ta ni abẹ́rẹ́ náà gbà. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gba èyí tó kẹ́yìn, nọ́ọ̀sì sì fa igi lé orúkọ mi. Mo bi í pé ṣé ó ti tán. Ó ní ó ti tán. Mo ní ṣé mi ò ní kú mọ́.

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ máa kú, baba, gbogbo wa la máa kú. Ṣùgbọ́n dìgbòlugi kọ́ ló máa pa yín."

Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, mo fi ògo fún Ọlọ́run. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe pé mo jẹ́ olóòótọ́. Òun ló mú mi sọ òótọ́ nígbà tí ó ṣì ku wákàtí kan.