Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Bàbá Dámi

Ilé ẹjọ́ ti dá mi lẹ́bi pé mo pa aládùúgbò mi, wọ́n sì ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Ọjọ́ tí wọn yóò ṣe é, n kò mọ̀. Wọn kì í sọ ọ́ fúnni ṣáájú. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé ẹkún ni mo fi ń kọ ọ́. Mo sùn dáadáa lánàá, mo sì jẹ ẹ̀bà tán láàárọ̀ yìí. Ọkàn mi balẹ̀. Bí ọkàn apànìyàn ṣe lè balẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Mowe ni mo ń gbé, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí yàrá méjì tó ní àgbàlá. Mo ra ọkọ̀ ògbólógbòó kan. Nígbà tí àwọn mẹkáníìkì Ibafo fi í yọ mí lẹ́nu tó, mo ra sípánà tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fúnra mi nílé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí mo gbádùn ayé jù, ọjọ́ Sátidé ni, lábẹ́ igi máńgòrò ilé wa. Màá tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, màá ṣí bónẹ́ẹ̀tì, màá tú kábúrétọ̀, màá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán. Inú agolo mílíìkì ni mo ń to nọ́ọ̀tì sí, irin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agolo tirẹ̀. Òfin kan ni mo fún ara mi: ohun tí mo bá kọ́kọ́ tú ni mo máa dá padà kẹ́yìn. Bí mo bá ti tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀tì kan kì í ṣẹ́ kù nílẹ̀. Tí mo bá wá yí kọ́kọ́rọ́, tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, àfi bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún mi. Inú mi ṣì ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bàbá Dámi kó wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa láti Ifọ̀. Ó fi bí ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi àwàdà. Ọkọ̀ rẹ̀ àti tèmi jọra bí ìbejì, àfi pé tirẹ̀ lágbára ju tèmi lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ rí mi lábẹ́ máńgòrò, ó ní, “Ẹnjiníà! Ṣé ìwọ ni dókítà rẹ̀?”

“Èmi ni, sà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti òní lọ, aláìsàn méjì lo ní.”

Ibẹ̀ ni ìdánwò ti bá mi. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi, irin kékeré tí awakọ̀ ń fà láti inú kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ti ṣẹ́ tipẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì Bàbá Dámi, mo yọ tirẹ̀, mo fi tèmi tó ti ṣẹ́ há ibẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ilẹ̀kùn yín ti ṣẹ́ o,” mo wí fún un. “Nǹkan tòkunbọ̀, ẹ kúkú mọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kí ló burú ńbẹ̀? Màá máa na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, màá ṣí i láti ìta. Ọkọ̀ tó gbé mi débi tí mò ń lọ, ṣé kó tún wá bá mi ṣílẹ̀kùn ni?”

Lọ́jọ́ kejì tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó mi rí ọwọ́ ilẹ̀kùn náà lára ọkọ̀ wa. “Ìgbà wo lẹ ra èyí?”

“Bàbá Dámi ló fún mi.”

“Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn o.”

N kò dúpẹ́ kankan. Ọwọ́ tó bá ti mọ irin kékeré í yọ, irin ńlá kì í wúwo fún un mọ́. Bí mo bá tú kábúrétọ̀ rẹ̀ láti fọ̀ ọ́, tèmi ni mò ń dá padà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àtánétọ̀ tó ń fún bátìrì lágbára, lẹ́yìn náà ni rédíétọ̀ àti pọ́ǹpù epo. Kí ọdún kan tó pé, ọkọ̀ mi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tirẹ̀ ń húkọ́. Ó sì tún máa ń gbàdúrà fún mi: “Ẹnjiníà mi, ọwọ́ rẹ kò ní rọ.” Èmi á ní àmín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan nígbà ọyẹ́, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

“Bá mi wo omi àti ọ́ìlì rẹ̀. Ifọ̀ ni mò ń lọ láàárọ̀ ọ̀la, sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi àtijọ́. Kì í ṣe pé o ò mọṣẹ́ o, àmọ́ òun ló to ẹ́ńjìnnì yẹn. Kò sí irin inú rẹ̀ tí kò mọ̀.”

Mo gba kọ́kọ́rọ́. Mo ti rí i bí àdúgbò yóò ṣe pé lé mi lórí, tí ìyàwó mi yóò máa wolẹ̀. Nígbà tí mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo dẹ ìdè rọ́bà tó ń gbé epo wọ ẹ́ńjìnnì. Mo ní tí epo bá kán sórí irin gbígbóná, ẹ́ńjìnnì á jó, ẹ̀rí á jó mọ́ ọn, Bàbá Dámi á fò jáde, á sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé mo rántí ọwọ́ ilẹ̀kùn? Mo rántí. Mo sọ fún ara mi pé kì í ti fèrèsé.

Láàárọ̀, ọyẹ́ mú, eruku bo gbogbo ọ̀nà. Mo dúró níwájú ilé pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Bàbá Dámi ń kọjá lọ, ó ti fèrèsé pa nítorí eruku. Ó juwọ́ sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì bí ìṣe rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni ǹ bá gbé láti dá a dúró. Mo juwọ́ padà sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni mo ti pa á. Kò tí ì kọjá Ọ̀fàdà tí iná fi sọ. Àwọn àgbẹ̀ tó sáré wá ní kí àwọn tó dé ìdí ọkọ̀, èéfín ti bò ó mọ́lẹ̀, ó ń fa ilẹ̀kùn láti inú.

Epo wọ́n nígbà náà. Ọwọ́ Ráṣídì, ọkùnrin Ọ̀yọ́ kan tó ń ta epo nínú jálá ní Ibafo, ni Bàbá Dámi ti ra epo lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn èèyàn ní epo burúkú ló tà fún un, ọlọ́pàá sì gbé e. Ìyá Dámi wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀.

“Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀ yẹn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé epo ló pa á.”

“Màá lọ, mà. Ẹ dìde.”

Mo wakọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Irin ọkọ̀ Bàbá Dámi tó jóná wà nílẹ̀ nínú ọgbà. Mo fa ọwọ́ ilẹ̀kùn kí n lè sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́. Ara mi kọ̀, n kò lè sọ̀. Mo tún tì í, mo mú sukudíráfà, mo tú irin náà kúrò. Mo wá na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, mo ṣílẹ̀kùn láti ìta bí Bàbá Dámi ṣe máa ń ṣe.

Sájẹ́ǹtì kan mú mi lọ sídìí ọkọ̀ náà. “Wọ́n ní o mọ ọkọ̀ yìí. Ṣé o mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà. Tèmi ni.”

“Tìẹ báwo?”

Mo fi ọwọ́ ilẹ̀kùn lé e lọ́wọ́, mo sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tú Ráṣídì sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni oorun mi ti padà. Ráṣídì máa ń wá wò mí. Ọ̀rọ̀ wa kì í pọ̀, á kàn jókòó, á ní, “Ẹ kú ìfaradà.” Ìyá Dámi kò wá rí. Ó ń dùn mí, ó sì yẹ kó dùn mí. Àwọn wọ́dà máa ń jẹ́ kí n bá wọn tú jẹnẹrétọ̀ wọn. Mo ń to nọ́ọ̀tì sínú agolo, mo ń dá irin kọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀, inú mi á sì dùn tó bá ti dáhùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ má mú sípánà. Iṣẹ́ tó dùn ni. Ṣùgbọ́n bí ohun ẹlòmíràn bá wà lápò rẹ lónìí, ì báà kéré bíi nọ́ọ̀tì, dìde, lọ dá a padà báyìí. Ojú á tì ọ́, wọ́n lè bú ọ, àmọ́ ìtìjú yẹn kò ní pa ọ́. Má ṣe bíi tèmi. Èmi náà dá tèmi padà, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́kọ́ tú ni mo dá padà kẹ́yìn, ẹni tó ni ín kò sì sí láyé mọ́ láti gbà á.

Ilẹ̀kùn yàrá tí mo ti ń kọ èyí kò ní ọwọ́ nínú. Ìta nìkan ni wọ́n ti ń ṣí i. Ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi.