Ọtí Kíkan Inú Àgbá Bàbá Nakhle

Ẹ fi adìẹ yẹn sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé òórùn rẹ̀ ń ta sánsán, mo mọ̀ pé Tannus ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ lórí irin tó ń yí lójú iná ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọwọ́ bọ oúnjẹ, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ mi mọ́. Dókítà ti sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ọkàn mi yìí kò ní rí ìkórè àjàrà tó ń bọ̀. Èmi Wadad, opó Jiryis, ìyá Farid, kò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bàbá Nakhle, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ jẹ́ kí n parí ná.

Ṣé ẹ rántí bí ọjọ́ Sunday wa ṣe máa ń rí nígbà tí ọkọ mi wà láyé? Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ inú ọgbà wa yìí náà ni, létí odò. A ó ra adìẹ lọ́dọ̀ Tannus, èmi á gún áyù mọ́ òróró títí apá á fi fẹ́ já, títí á fi funfun bí òwú. Ebi á ti máa pa wá bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà náà gan-an ni ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, á wá dìde pẹ̀lú ife wáìnì. "Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná. Ta ló ní kí ẹ mu ún? Ẹ gbé e sókè kí oòrùn wọ inú rẹ̀!" Ẹ ó sọ ti òkè tí àjàrà náà ti wá, ẹ ó sọ ti ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sọ ohun tí bàbá yín wí kí wọ́n tó kú. Adìẹ ń tutù. Ọ̀rá rẹ̀ ń dì. Jiryis á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, a fẹ́ jẹun." Ẹ ó ní, "Oúnjẹ nìkan ló jẹ ẹ́ lógún, oníkùn!" Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọdún dé ọdún! Ẹ dákun, ta ni kò ní sú? Èmi tí mo gún áyù, kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́ rí. Ó sú mi, ó sú mi, ó tún sú mi.

Ni mo bá ní n ó dójú tì yín lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ mọ ìkòkò ọtí kíkan tí mo fi ń po ewébẹ̀, èyí tí ohun yíyọ̀ kan máa ń léfòó nínú rẹ̀, tí a ń pè ní ìyá ọtí kíkan; òun ló ń sọ wáìnì di kíkan. Nígbà òtútù, nígbà tí gbogbo ilé lọ síbi ìsìnkú, mo wọ yàrá abẹ́ ilé, mo ṣí àgbá wáìnì tuntun yín, mo ju ìyá náà sínú rẹ̀, n kò sì dé ìdérí rẹ̀ dáadáa. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní tí ẹ bá gbé ife sókè, tí ẹ tọ́ ọ wò, tí ẹ panu mọ́, a ó jẹun gbígbóná lọ́jọ́ kan. Òmùgọ̀ obìnrin ni mí!

Kí Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀, Nakhle ọmọ yín mú Hiyam, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wá sílé, ọmọ Shahin tó ń tún bàtà ṣe. Nínú ilé yìí, àfẹ́sọ́nà ló máa ń bu ọtí tuntun fún àwọn àgbà, kí wọ́n lè mọ irú ọwọ́ tó ń gbé bọ̀ wá sílé ọkọ. Èmi náà bu ún nígbà tèmi. Mo mọ̀ pé òun ló kàn. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà, ká rẹ́rìn-ín, kó tán. Ojú ń tì mí. Mo ń tan ara mi pé bóyá ọtí náà kò tíì kan.

Sunday tó tẹ̀ lé Àjíǹde ló gbé ọtí náà gòkè wá, tòun ti ẹ̀rín. Bàbá rẹ̀ jókòó síbí. Ẹ mu ún, Bàbá Nakhle, ẹ sì tu ú dà sílẹ̀. "Kí lo fi ṣe ọtí mi, ọmọ yìí?"

"Bàbá, bí mo ṣe bá a ni mo ṣe bù ú."

Ìyá Nakhle, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ní, "Ọwọ́ tó ba ọtí jẹ́ á ba ilé jẹ́." Shahin fò dìde: "Ẹ má sọ ọmọ mi di àjẹ́ o!" Ẹ̀yin, Bàbá Nakhle, wá yíjú sí mi. "Wadad, ọtí kì í ṣàdédé kan. Ìwọ lo máa ń wà nílé. Ṣé ọmọ yìí ti wọ yàrá yẹn rí ṣáájú òní?"

Mo ní, "Mo rí i níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe."

Hiyam wò mí. "Ìyá Farid, èmi?" Kò sunkún. Ó bọ́ òrùka, ó gbé e sẹ́bàá àwo, ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀. Èyí tó burú jù wá kù. Lọ́jọ́ kejì, Nakhle, o wá bá mi ní ilé ìdáná, ojú rẹ wú. O ní, "Ẹ fi orí Farid búra pé ẹ rí i." Mo sì fi orí ọmọ tí mo bí búra. Ìdí nìyẹn tó o fi fẹ́ ẹlòmíràn, tí ọmọ ọlọ́mọ fi wọ ọkọ̀ lọ sí Brazil pẹ̀lú orúkọ burúkú. Ìyàwó Nakhle, má bínú sí mi, o ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ̀gbọ́n bá sú yín, ẹ sọ fún un lójú. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Hiyam ti dé láti sin bàbá rẹ̀. Mo fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìyá Farid, ẹ má tíì bẹ̀ mí. Ibi tí ẹ ti ba orúkọ mi jẹ́ ni kí ẹ ti lọ tún un ṣe." Mo ti tún un ṣe báyìí, bí agbára mi ṣe mọ. Ó wà lẹ́yìn ọgbà yẹn, ó ń gbọ́ wa. Ó ní òun ò ní wọlé àfi bí Bàbá Nakhle bá fọwọ́ ara wọn ṣílẹ̀kùn fóun. Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ tèmi ṣì lè dúró. Ẹ lọ ṣílẹ̀kùn fún ọmọ yẹn.