Ìyá Tó Kúnlẹ̀ ní Ṣìbúyà

Títí di òní ni inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nínú takisí tó ń lọ sí ìlú Avrankou, lẹ́nu ìyá kan tó ń sọ fún obìnrin aládùúgbò rẹ̀ bí òun ṣe lọ kí ọmọ òun obìnrin ní Tókíò.

"Àlájà, ṣé lóòótọ́ ni èrò ibẹ̀ pọ̀ tó bí a ṣe ń rí i nínú fóònù?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú mi lọ wo oríta Ṣìbúyà. Bàbá arúgbó kan ń darí èrò létí títì. Ó tẹrí ba fún mi, èmi náà kúnlẹ̀."

"Láàárín èrò?"

"Ṣé kí àgbàlagbà tẹrí ba fún mi, kí n máa wò ó? Ó tún tẹrí ba sí i. Mi ò lè dìde ṣáájú rẹ̀."

Aládùúgbò bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin méjèèjì ì bá wà níbẹ̀ títí dòní!"

"Ìkúnlẹ̀ kọ́ ló tì mí lójú. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ọmọ mi ti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọdá. Ó dúró lódìkejì, ó ń wo fóònù bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí."

Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí! Ọmọ yìí mọ̀ pé ìyá òun kò gbédè ibẹ̀. Ó mọ̀ pé kò mọ̀nà ilé. Ó sì fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu aládùúgbò. "Kí lẹ wá sọ fún bàbá rẹ̀?"



"Mo ní ó di ọwọ́ mi mú títí a fi sọdá."