Ẹni Tí Kò Dáhùn ní Ẹnu-Ọ̀nà

Alága ìjókòó òní, mo kí yín. Ọ̀gá mi, aṣojú tí àdúgbò yìí dìbò fún, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi ẹsẹ̀ tó ń dùn yín gun àtẹ̀gùn ilé yìí nítorí tèmi, ẹ kú wàhálà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbálẹ̀, tí ẹ máa ń dé kí èmi tó dé. Ọkọ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin àlejò tí mi ò mọ orúkọ yín ṣùgbọ́n tí mo mọ ojú yín, mo kí gbogbo yín pátá. Bí mo bá fo ẹnikẹ́ni, kó má bínú. Ọkàn mi ò pa pọ̀ lónìí.

Ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, "Ẹ káàbọ̀, ta lẹ fẹ́ rí?", kí ló kù tó tún fẹ́ sọ? Ìyẹn ni iṣẹ́ mi. Ẹ ń pè mí ní Màmá Ẹnu-Ọ̀nà, ẹ ò sì purọ́. Aṣojú mẹ́rin ló ti bá mi lórí àga yẹn, mẹ́ta ló ti fi mí síbẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn wà tí kì í rántí ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀ àfi tí mo bá pè é. Lọ́dún tí mo lọ ìsinmi, ẹnu kékeré kọ́ ni ìyàwó náà fi bú mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé, tó fi oṣù mẹ́ta jókòó sáyè mi nígbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mò ń pẹ́ dé lẹ́yìn tí mo padà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin tí mo sọ fún pé Ọ̀gá ò sí nílé, tí Ọ̀gá sì wà nínú, tó ń jẹun. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin tí mo mú ẹlòmíràn wọlé ṣáájú yín torí pé ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ń ké. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó rọrùn láti jẹ́wọ́ nìyẹn. Alága yìn mí lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún.

Ọjọ́bọ̀ ni ìlẹ̀kùn Ọ̀gá máa ń ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Fún ọdún mọ́kànlá, ẹnì kan wà tí kì í pa Ọjọ́bọ̀ jẹ. Káfíńtà ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀rọ tó fi ń la pákó sì ti jẹ́ kí etí rẹ̀ di pátápátá. Bó bá wọlé, á dúró níwájú mi, á máa wo ẹnu mi, èmi náà á rọra máa sọ̀rọ̀, á sì dá mi lóhùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ní ti Káfíńtà, ibẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ wà. Omi gọ́tà tó ń ṣàn wọ ìdí ilé rẹ̀ ló ń bá kiri. Ọdún mọ́kànlá, wọn ò tún un ṣe, kò sì bínú. Bó bá ń dúró, á fọwọ́ mi bẹ́ǹṣì àlejò wò, á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yẹ̀, pé lọ́jọ́ kan òun á wá tún un ṣe fún ìyàwó òun. Èmi ni ìyàwó náà. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀ yẹn, ó mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, Ọ̀gá dìbò pé kí wọ́n ti ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò yìí pa. Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo ní láti sọ ọ́. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀dọ́ méjì wà lára wọn, obìnrin kan àti ọkùnrin kan, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ eré orí kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹ ń pè ní géèmù. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà bímọ sínú mọ́tò lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn tó jìnnà. Ọmọ náà ò yè. Àwọn méjèèjì wá síbí, wọ́n ní àwọn ń ṣe iṣẹ́ kan nípa ilé ìjọba, àwọn fẹ́ ya fọ́tò. Mo mú wọn yí ká. Mo fi yàrá Ọ̀gá hàn wọ́n, mo fi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn hàn wọ́n, mo tún awò ojú mi tò kí wọ́n lè ya èmi náà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, géèmù jáde. Ẹni tó bá ń ta géèmù náà, bí ẹni ń ta ayò, á gbé ìbọn wọ ilé yìí, á wá Ọ̀gá dé yàrá rẹ̀, á pa á. Ojú Ọ̀gá gan-an ni, tòun ti àpá àgbọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, obìnrin kan wà lẹ́nu-ọ̀nà tó lo awò ojú. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: nígbà tí àbúrò mi fi hàn mí lórí fóònù, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní ó dára, wọ́n tiẹ̀ bá mi dín sísanra mi kù.

Ẹ rántí ariwo tó sọ. Ọ̀gá ní kí ìjọba fòfin dè é. Àwọn tó ṣe é ní eré ni, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí aráyé ti ń fi olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́, pé àwòrán kì í pa èèyàn, ẹni tó ti ilé ìgbẹ̀bí pa ló ń pa èèyàn. Orí rédíò gbóná. Bí ariwo ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn tó ń ta á ń pọ̀ sí i. Ta ló jàre? Mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀. Ọmọ obìnrin yẹn kú lóòótọ́. Ọ̀gá náà ò rí oorun sùn mọ́ lóòótọ́, ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi.

Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tó ṣe èmi. Wọ́n mú ẹ̀ṣọ́ méjì wá. Wọ́n fi bọ́tìnnì kan sábẹ́ tábìlì mi, kí n tẹ̀ ẹ́ bí mo bá fura. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n fagi lé Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń ti géètì lọ́jọ́ náà. Orí rédíò ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Ta ló rántí pé ẹnì kan wà tí kì í gbọ́ rédíò? Èmi ni ó yẹ kó rántí. Ṣùgbọ́n èmi ti dẹni tó ń wo géèmù. Mi ò ta á rí o. Fídíò àwọn tó ń ta á ni mò ń wò, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, nínú ọkọ̀, ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo wo ikú ara mi títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. Ẹnì kan á wọlé, nǹkan gígùn á wà lábẹ́ apá rẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú. Obìnrin náà á kí i káàbọ̀, á béèrè ẹni tó fẹ́ rí. Kò ní dáhùn.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ni Káfíńtà bá géètì ní títì. Ó wá rò pé bóyá wọ́n ti yí ọjọ́ padà ni. Ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Aago mẹ́wàá ò tíì lù, mò ń to lẹ́tà. Ìlẹ̀kùn ṣí. Ẹnì kan wọlé tó fi aṣọ di imú àti ẹnu, bí àwọn tó ń fá pákó ṣe máa ń ṣe, nǹkan gígùn sì wà lábẹ́ apá rẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, ta lẹ fẹ́ rí?" Kò dáhùn. Mo tún un sọ. Ó ń lọ tààrà sápá ibi tí ìlẹ̀kùn Ọ̀gá wà. Ibẹ̀ náà ni bẹ́ǹṣì wà.

Mo tẹ bọ́tìnnì.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n pariwo pé kó dúró. Báwo ló ṣe fẹ́ dúró? Wọ́n gbé e ṣánlẹ̀, orí rẹ̀ lu etí àtẹ̀gùn. Ọ̀rá ya. Pákó ni, ó ti fá a tó ń dán. Aṣọ ẹnu rẹ̀ tú, mo rí ojú rẹ̀. Ó ń wo ẹnu mi, ó ń dúró kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún òun. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí bọ́tìnnì.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò nílé ìwòsàn kó tó kú.

Ohun tí ojú ń wá ni ojú ń rí, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti fi oṣù márùn-ún wá ẹni tó máa pa mí, mo sì rí i. Mo lọ bá ìyàwó rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu: ẹ̀rù ló bà mí, géèmù yẹn ló fà á, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni mo ṣe. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ṣe géèmù ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé etí rẹ̀ di." Kò bú mi. Ó gbé omi tó ti bù fún mi, ó dà á nù, ó sì wọlé.

Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní mi ò jẹ̀bi. Wọ́n kọ lẹ́tà pé mo wà lójúfò. Ọ̀gá ní géèmù ló pa á. Àwọn tó ṣe géèmù ní ìbẹ̀rù Ọ̀gá ló pa á. Kálukú gbé òkú náà jó bó ṣe bá tirẹ̀ mu, gọ́tà sì ń ṣàn wọ ìdí ilé opó títí di òní yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò mi tún fi fóònù hàn mí. Wọ́n ti fi bàbá arúgbó kan kún géèmù náà. Ó gbé pákó, ó ń lọ sídìí bẹ́ǹṣì. Bí o bá yìnbọn fún un, wọ́n á yọ máàkì mẹ́wàá kúrò lára tìẹ. Mo gbọ́ pé wọ́n ní àwọn fi bọ̀wọ̀ fún un ni.

Nígbà yẹn ni mo kọ̀wé pé mò ń lọ. Ó ku ọdún méjì kí àsìkò mi pé. Àwọn kan ní kí n ní sùúrù, pé ọjọ́ á máa gorí ọjọ́, màá gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kì í sì í bá ẹni wá kó tún lọ. Bí ìlẹ̀kùn bá ti dún, ọwọ́ mi ti dé abẹ́ tábìlì kí n tó mọ̀. Bí ọmọ mi bá dákẹ́ nígbà tí mo pè é, àyà mi á já. Mi ò rò pé yóò sàn. Mi ò wá síbí láti sọ fún yín pé yóò sàn.

Láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ kan ni wọ́n máa gbé sáyè mi. Àlejò á sọ orúkọ rẹ̀ sí i, ẹ̀rọ náà á ya fọ́tò rẹ̀, ìlẹ̀kùn á ṣí tàbí kó má ṣí. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wá gbé e kalẹ̀ pé kí ni ẹni tí kò lè gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ máa ṣe. Ó ní ìlẹ̀kùn ò ní ṣí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Alága ní kí n gbàdúrà kí n tó jókòó. Ọ̀gá, kí oorun padà sójú yín. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ parí iṣẹ́ yín láìsí òkú lọ́rùn yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ méjì yẹn, níbikíbi tí ẹ bá wà, kí Ọlọ́run tu ẹ̀gbọ́n yín nínú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú yàrá yìí, lọ́jọ́ tí ẹ bá kan ìlẹ̀kùn ẹlòmíràn, kí ẹ bá ẹni tó máa wo ojú yín kó tó wo ọwọ́ yín. Ní ti èmi, mi ò bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kan.

Ẹ ṣé o, tí ẹ jókòó gbọ́ mi tán.